Ọ̀nà Tí Wọ́n Ní Kò Ṣe Nǹkan Kan

Ọdẹ́ṣọlá ni olùtọ́jú ọ̀nà Òkè Arẹ̀gbà ní ìlú Ìgbólá. Ọwọ́ baba rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló gun òkè yìí dé ibi tí omi tútù ti ń sun láti inú àpáta. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, àwọn àlejò a máa ti ìlú jíjìn wá gun òkè, kí wọ́n lè wẹ̀ nínú omi náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, Ọdẹ́ṣọlá á ti so okùn mọ́ igi, á sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ọ̀nà, á wo ibi tí àgbàrá ń jẹ. Bí ó bá rí i pé ewu wà, á ta màrìwò dí ojú ọ̀nà. Gbogbo Ìgbólá ló mọ̀ pé ẹni tó bá rí màrìwò yẹn, ẹ̀yìn ló ń padà sí.

Aṣípa Kújọrẹ́ ni ìlú fi ṣe olórí ọ̀rọ̀ àlejò. Òun ló ń pàdé wọn, òun ló ń wá alárù fún wọn, òun náà sì ni wọ́n ń kó ẹ̀bùn fún. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Aṣípa ti gun òkè náà kẹ́yìn. Ó ní orúnkún ni.

Ní ọdún tó ṣáájú, Ọdẹ́ṣọlá lọ sọ fún un pé àgbàrá ń jẹ abẹ́ ọ̀nà ní Igun Àdàbà, níbi tí ọ̀nà ti yí etí àpáta ká. Aṣípa ní kó jẹ́ kí àlejò lọ tán ná. Àlejò kò tíì lọ tán tí ilẹ̀ fi yẹ̀ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ajùbà kan lẹ́sẹ̀. Ọdẹ́ṣọlá ló sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Bó ti gbé e lé èjìká, òkúta kan yí wá láti òkè, ó sì rún ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì délé. Ọ̀kan kú, ìkejì di amúkùn-ún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Aṣípa ti ní kí wọ́n kéde pé ẹmu ni ọmọ náà mu yó. Òkú kò sì lè fèsì.

Ọdún yípo. Òjò ọdún náà le ju ti ìṣáájú lọ. Ọdẹ́ṣọlá fi ìdí wọ́ dé abẹ́ Igun Àdàbà, ohun tó rí níbẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè jẹun nígbà tó délé. Ó ta màrìwò dí ọ̀nà láti ìdí òkè. Ní ọjọ́ kẹta, Aṣípa wọlé tọ̀ ọ́, kò tilẹ̀ jókòó.

"Ta ló ta màrìwò sójú ọ̀nà?"

"Èmi ni, Aṣípa."

"Ìyálóde Ajùbà ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ogójì ènìyàn. O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O gbọ́, o wá ti ọ̀nà."

"Ìdí tí mo fi tì í nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wo abẹ́ rẹ̀."

"Mo ti rán ènìyàn lọ. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ gbẹ, kò sán. Ọ̀nà kò ṣe nǹkan kan."

"Orí rẹ̀ ló wò. Abẹ́ ni mo wí."

"Ta ló ń rìn lábẹ́ ọ̀nà, Ọdẹ́ṣọlá? Àdán?"

Àwọn tó tẹ̀lé Aṣípa rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́ṣọlá dúró kí wọ́n rín in tán.

"Ọmọ tí ẹ ní ó mutí yó," ó ní, "abẹ́ ọ̀nà ni mo ti lọ gbé e."

Ojú Aṣípa yí padà. "Ẹsẹ̀ rẹ ló ń bà ọ́ nínú jẹ́. Ẹ̀rù ló ta màrìwò yẹn, kì í ṣe ọgbọ́n. Lọ́la, èmi fúnra mi ni màá já a. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ọmọ rẹ ni yóò sì ṣáájú àwọn alárù, kí Ìyálóde lè rí i pé ọmọ olùtọ́jú ọ̀nà ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá lọ, kí ìwọ àti òun wá ìlú mìíràn gbé."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ nìkan ni Ọdẹ́ṣọlá bí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà lọ tán, ó jáde sí baba rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó lè lé wa lóòótọ́?"

"Ó lè lé wa."

"Ṣé ọ̀nà yẹn lè wó lóòótọ́?"

"Ó ti ń wó."

"Èwo nínú méjèèjì lẹ wá ní kí n yàn?"

"Èmi kọ́ ni mo kó ọ̀ràn yìí wá," ni baba rẹ̀ wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́ṣọlá ti kúrò nílé kí ọmọ rẹ̀ tó jí. Àlejò dé. Ìyálóde Ajùbà jẹ́ arúgbó tíínrín kan tó ń fi ọ̀pá rìn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣípa kí i títí, ó gba àdá, ó sì já màrìwò náà níṣojú gbogbo ènìyàn.

"Ọ̀nà yín ṣí, Ìyálóde."

Àpótí Ìyálóde wà lórí Mọ́rẹ̀nikẹ́, òun ló sì wà níwájú. Aṣípa ní ó yá. Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò gbé ẹsẹ̀.

"Mo ní ó yá."

Ìgbà náà ni Ọdẹ́ṣọlá yọ láti inú ọ̀gbun ẹ̀gbẹ́ òkè, tòun ti apẹ̀rẹ̀ lórí. Ẹrẹ̀ pupa kùn ún dé ọrùn. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan, ẹrù a dà sí òsì, bíi pé yóò ṣubú. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Aṣípa rí i pé ẹ̀rín lè gba òun, ó sì gbé ohùn sókè:

"Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́."

Gbogbo ìdí òkè hó. Ọdẹ́ṣọlá kò dúró, kò sì yára. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, títí ẹ̀rín fi rẹ àwọn tó ń rín in. Ó dé iwájú Aṣípa.

"Òkè lẹ rí," ó ní, "ẹ ò rí ìsàlẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Ẹ rí ẹrù tó wọ́, ẹ ò rí ẹsẹ̀ tó gbé e, ẹ ò sì béèrè ohun tó sọ ẹsẹ̀ náà dà bẹ́ẹ̀. Ẹ rí màrìwò, ẹ ní ẹ̀rù ló tà á. Ẹ rí òkú, ẹ ní ẹmu ló pa á. Ẹ rí ojú ọ̀nà, ẹ ní kò ṣe nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ rèé, Aṣípa."

Ó da apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tútù ni, pẹ̀lú gbòǹgbò tó já àti àfọ́kù àpáta.

"Àná sí òní ni èyí jábọ́ lábẹ́ Igun Àdàbà. Ìwọ̀n tí mo lè rù nìyí."

"Ó lọ gbẹ́ ilẹ̀ wá ni," ni Aṣípa wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ sọ àpótí kalẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyálóde. N kò ní gbé ẹrù yín gba ibẹ̀." Alárù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀, títí kò fi sí ẹrù lórí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyálóde ń wo ilẹ̀ tútù náà. "Ọmọ wa tó kú síbí lọ́dún tó kọjá, ẹ ní ó mutí."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Ìyálóde," ni Aṣípa wí.

"Ta ni wọ́n?"

Aṣípa ń fi ẹnu àdá tú ilẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ yẹn kò fi ẹmu kan ẹnu rí. Ìyá rẹ̀ gbé ìtìjú yẹn wọ sàréè." Ó yíjú sí Ọdẹ́ṣọlá. "Mú mi lọ sí ìsàlẹ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun náà díẹ̀díẹ̀, Aṣípa náà kò rójú kọ̀. Lábẹ́ Igun Àdàbà, àgbàrá ti gbẹ́ ihò tí màlúù mẹ́wàá lè dùbúlẹ̀ sí. Gbòǹgbò rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n. Ọ̀nà tí wọ́n ní kò ṣe nǹkan kan kò nípọn ju apá ènìyàn lọ, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń gba ojú ihò kan wọlé.

"Aṣípa, orí ibí lẹ fẹ́ kí n gbà?"

"Láti òkè, Ìyálóde, kò hàn."

"Wọ́n bẹ̀ yín kí ẹ wá wò ó."

Àwọn àlejò padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrin, nínú oòrùn gan-gan, Igun Àdàbà wó lulẹ̀. Kò sí ẹnìkan lórí rẹ̀.

Ènìyàn á rò pé Aṣípa yóò tọrọ àforíjì. Rárá o. Nígbà tí Baálẹ̀ pe ìlú jọ, ó dìde, ó ní gbígbẹ́ tí Ọdẹ́ṣọlá ń gbẹ́ ibẹ̀ ló wó ọ̀nà. Ó ṣàlàyé, ó tún un ṣàlàyé. Nígbà tó jókòó, àgbàlagbà kan tó wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín ní ìdí òkè lọ́jọ́sí dáhùn láti ẹ̀yìn:

"Aṣípa, òkè lẹ tún rí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Baálẹ̀ gba ọ̀rọ̀ àlejò kúrò lọ́wọ́ Aṣípa níbẹ̀, ó sì ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já màrìwò tí Ọdẹ́ṣọlá bá ta.

Láti ìgbà náà wá, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń bá ohun tó hàn jà, tí kò wádìí ohun tó fà á, èsì tí àwọn àgbà máa ń fún un ni pé: Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀.