Ọwọ́ Ẹrẹ̀ Orímisàn

Abúlé ẹlẹ́rẹ̀ ni wọ́n bí Orímisàn sí, níbi tí ilẹ̀ ti ń gbé èèyàn mì dé orúnkún. Kò sẹ́ni tó mọ edé wà tó o níbẹ̀. Nínú ẹrẹ̀, ihò edé kì í wó. Ó ń lọ jìnnà, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé olórogún. Orímisàn á ti apá bọ̀ ọ́ dé èjìká, á máa tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi bá onílé lórí ibùsùn.

Nígbà tí òkun gbé abúlé náà lọ, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, tukọ̀ dé Etí-Yanrìn. Àṣà ibẹ̀ ni pé àlejò tó bá ń wá ilẹ̀ ìkọ́lé gbọ́dọ̀ wa edé kún apẹ̀rẹ̀ kan kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, torí ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ létíkun, ọrùn onílé ni yóò wọ̀ sí. Bí kò bá kún, kó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ìyá Adétìmẹ́hìn, àgbà obìnrin tó ń ṣọ́ etíkun, ṣàánú oyún náà.

"Ọmọ mi, yanrìn nìyí o. Edé ibí kì í gbẹ́lẹ̀ jìn. Itọ́ ara rẹ̀ ló fi ń rẹ́ ògiri; tí o bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wó nìyẹn. Gìgísẹ̀ la fi ń tẹlẹ̀ yí ihò rẹ̀ ká, kí omi abẹ́ yanrìn lè gbé e jáde."

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ló fi edé bọ́ bàbá mi dọjọ́ ikú."

Èèyàn á ní etí méjì, kò ní lo ọ̀kankan! Lọ́jọ́ kìíní, edé mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, méjì, ọ̀kan sì ti kú.

"Mo ní kí o tẹ ilẹ̀!"

"Ìyá, ṣé ijó ni mo wá jó ni?"

"Háà! Alákàn gan-an gbọ́ràn ju èyí lọ!"

Lọ́jọ́ kẹta, omi ti ń padà bọ̀ nígbà tí Orímisàn tún ti apá wọlẹ̀, tí yanrìn sì wó bò ó dé èjìká. Ó fà á, kò yọ. "Àwẹ̀ró, gbà mí o!"

Àwẹ̀ró gbé ikùn rẹ̀ dé. "Wọ́n ní ẹ tẹ ilẹ̀, ẹ ní ijó ni! Ẹ jẹ́ n jó o fún yín!" Tìbínútìbínú ló fi ń tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ yí apá ọkọ rẹ̀ ká, kí yanrìn lè dẹ̀. Yanrìn rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Apá yọ. Edé náà tú síta gììrì, bí ará ilé tí iná lé jáde. Àwẹ̀ró ò wo ọkọ mọ́. Ó ń tẹ̀, ó ń ṣà, ó ń tẹ̀, ó ń ṣà, títí omi fi mù ún dé orúnkún. Orímisàn jókòó, ó ń fọwọ́ ra èjìká.

Ìyá wo inú apẹ̀rẹ̀. "Ó kún. Àwẹ̀ró ti gba ilẹ̀ ìkọ́lé."

"Èmi ńkọ́, Ìyá?"

"Bi onílé tuntun náà bóyá ó ń gba àlejò."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà etíkun ti ń pa á lówe fún olóríkunkun pé: ọwọ́ tí a fi ń wa edé nínú ẹrẹ̀ kọ́ la fi ń wà á nínú yanrìn.