Bi Ọ̀nà Léèrè Kí O Tó Ra Ẹsẹ̀

"Bi ọ̀nà léèrè kí o tó ra ẹsẹ̀." Báyìí ni wọ́n ń wí ní Òkè-Amọ̀ àti ní gbogbo abà tó yí i ká. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fẹ́ gbé ìyàwó tí kò mọ ìwà rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sí i. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sí òun náà. Àlejò á kàn máa wo ẹnu wọn ni. Ọ̀nà wo ló ní ẹnu tí a fi ń bi í léèrè? Ọjà wo ni wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀? Èmi náà bi ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ pọn omi kún àmù ná. Ìgbà tí mo pọn ọ́n tán ló tó sọ ìtàn yìí fún mi. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fi ahọ́n tèmi bà á jẹ́.

Ìkòkò mímọ ni iṣẹ́ àwọn obìnrin Òkè-Amọ̀. Bí wọ́n bá ń kì wọ́n, wọ́n á ní:

Ọmọ amọ̀ dúdú tí ń jẹ́ orúkọ méjì,
ó jẹ́ ilẹ̀ lánàá, ó di ilé omi lónìí.
Ọmọ a-wọ-iná-má-sunkún,
iná tó sọ igi di eérú ló sọ tiwọn di òkúta.

Ẹni tó ń kó ìkòkò wọn lọ fún àwọn oníbàárà ní Ojúde-Odò ni Oyèéníran, àbígbẹ̀yìn Ìyá Wúràọlá, olórí àwọn amọ̀kòkò. Píkọ́ọ̀pù funfun kan tó ti dàgbà ló ń wà. Òfin kan sì wà tí wọ́n bá nílẹ̀: ìkòkò tó bá fọ́ lójú ọ̀nà, awakọ̀ kò gbọdọ̀ da àpáàdì rẹ̀ nù sínú igbó. Yóò kó o padà wá síwájú ẹni tó mọ ọ́n. Obìnrin yẹn á yẹ etí ibi tó ti fọ́ wò, á fi ìka kàn án, á sì mọ ohun tó pa á, yálà iná ni tàbí ìrìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gún àpáàdì náà kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun, nítorí ìkòkò tí kò ní òkú ìkòkò nínú kì í lè dúró de iná.

Ó wá di ọdún kan, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ Oyèéníran bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Bó bá wọ kòtò, á dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ nísàlẹ̀. Bó bá yí sitiárìn sí ọ̀tún, ọkọ̀ á máa fà á sósì bí ewúrẹ́ tó rí ewé iṣu. Táyà iwájú sì ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí bàtà ẹni tó ń tiro. Àsìkò yìí gan-an ni oníbàárà ńlá kan ní Ojúde-Odò ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ọgọ́ta àmù, àwọn àmù gbàǹgbà tí ọmọdé lè sá pamọ́ sí, kí gbogbo rẹ̀ dé kí oṣù méjì tó pé. Àwọn obìnrin kan ní kí wọ́n gbé ẹrù náà fún ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá Wúràọlá dìde láàárín wọn.

"Ọkọ̀ ọmọ mi ni yóò kó o," ó ní. "Ẹnu mi ni mo fi gbé e."

Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sọ lójú ẹgbẹ́, ẹrù ni. Ẹni tó bá jẹ́ kó já lulẹ̀ ti rẹ àgbà sílẹ̀.

Oyèéníran mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ra ẹsẹ̀ tuntun. Ẹsẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń pe gbogbo irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀: sípíríǹgì tó ń gbé e ró, ṣọ́ọ̀kì tó ń gbé gbígbọ̀n mì, àti àwọn ọ̀pá tó ń gba àṣẹ lẹ́nu sitiárìn. Mẹkáníìkì kan wà ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Súfí Ẹlẹ́sẹ̀, nítorí pé kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló ń tún ṣe. Kàkà kí Oyèéníran lọ bá Súfí, ọkọ̀ Bọ́lárìnwá onígẹdú ló lọ ń wò. Ọkọ̀ yẹn ga, ó dúró gbagidi bí àkùkọ tó fẹ́ kọ. Ó wọ̀ ọ́ lójú. Ó bá gba ọjà àwọn oní-sípéà lọ.

"Irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Bọ́lárìnwá ni kẹ́ ẹ fún mi."

Ọlọ́jà gbé sípíríǹgì kan jáde tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ oníjàkadì. "Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Oyèéníran fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Kò mira.

"Ẹ ò rí i? Èyí kì í kúnlẹ̀ fún ẹrù!"

"Òun gan-an ni mò ń wá kiri."

Nígbà tó kó wọn dé ọ̀dọ̀ Súfí, ọkùnrin náà wo irin, ó wo Oyèéníran, ó tún wo irin.

"Ta ló bá ọ yan èyí?"

"Ojú mi ni, Bọ̀dá Súfí."

"Ojú rẹ ló fẹ́ gbé àmù ni? Ṣé o ti bi ọ̀nà léèrè?"

Oyèéníran bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà kẹ̀! Ẹnu wo ló máa fi dá mi lóhùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dè é, ẹrù ń dúró."

"Jẹ́ kí n wo bọ́ọ̀lù tó wà lórí ọ̀pá sitiárìn yìí. Ó ń ṣe mí bíi pé eyín rẹ̀ ń mì."

"Ìyẹn kéré, ẹ fi í sílẹ̀."

Súfí mi orí. Ẹni tó lorí ló ni fìlà. Ó dè é bí ẹni tó lọkọ̀ ṣe fẹ́.

Háà, ọkọ̀ ga lọ́jọ́ náà! Àwọn ènìyàn dúró lójúde láti wò ó. Oyèéníran fi koríko tẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó to ogún àmù sí i, ó sì mú ọ̀nà Ojúde-Odò pọ̀n. Ọ̀nà náà tẹ́jú títí dé ìdí igi ìrókò. Láti ibẹ̀ dé afárá pákó, ó di ẹ̀yìn ọ̀nì: gegele kékeré, kòtò kékeré, léraléra, tí kò níye. Ara Oyèéníran ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, òun sì ń yọ̀. Ó ní agbára ọkọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó ṣí koríko kúrò ní Ojúde-Odò, mọ́kànlá nínú ogún àmù ti di àpáàdì.

Ó kó àpáàdì náà padà sílé gẹ́gẹ́ bí òfin. Ó dà á sílẹ̀ lójú agbo àwọn amọ̀kòkò, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá Wúràọlá mú ẹyọ kan, ó fi ìka kàn án: kọ́ńkọ́. Ó mú òmíràn: kọ́ńkọ́.

"Iná kò jẹ̀bi," ó ní. Ó yẹ etí wọn wò. "Wọn ò ṣubú, wọn ò sì kọlu ara wọn. Ẹ wo bí ó ṣe sán yípo ìdí. Gbígbọ̀n ló pa wọ́n."

Ìyá Dékúnlé, ẹni tó mọ mẹ́fà nínú mọ́kànlá náà, na ìka sí i. "Ìyá Wúrà, ẹnu yín lẹ fi gbé e o! Bí ọ̀kan bá tún sán báyìí, ọkọ̀ Bọ́lárìnwá ni yóò máa kó tèmi títí ayé." Orí àwọn tó kù ń lọ sókè sódò.

"Màmá," Oyèéníran ní, "ẹsẹ̀ tuntun ni mo rà. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, Àjàgbé ọmọ mi. Ó sì wù mí kí n mọ̀ ọ́n. Lọ pe Súfí wá."

Súfí dé, kò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́. Igbá kan ló béèrè. Ó rọ omi sí i dé etí, ó gbé e sórí koríko níbi tí àmù jókòó sí gan-an. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ bi ọ̀nà léèrè. Ìyá Wúràọlá ká ìró, ó ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Màmá, iwájú lẹ máa jókòó sí o!"

"Ṣé iwájú ni àmù mi jókòó sí?"

Wọ́n gbéra, Oyèéníran ń wakọ̀, Súfí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, omi náà ń mì díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n wọ kòtò kan, ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan dànù. Ìyá àgbà tẹjú mọ́ igbá bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe kan ẹ̀yìn ọ̀nì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bíi pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń fò, ó ń ta, kò sì pẹ́ tí igbá fi gbẹ. Ìyá Wúràọlá fi ọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀ gbàgbàgbà.

"Ẹ dúró! Ó ti sọ̀rọ̀!"

Súfí wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó di bọ́ọ̀lù orí ọ̀pá sitiárìn mú, ó mì í. Bọ́ọ̀lù ń jó lọ́wọ́ rẹ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje.

"Oyèéníran," ó ní láti ìsàlẹ̀, "ẹsẹ̀ tó bá kọ̀ láti tẹ orúnkún, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ni yóò tẹ̀ dípò rẹ̀. Àmù kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Igi Bọ́lárìnwá wúwo, ìwúwo rẹ̀ ló ń mú irin yìí rọ̀. Àmù tìẹ ṣófo nínú, irin náà ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà lórí òun. Gbogbo ohun tí ọ̀nà bá wí, ara àmù ló ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún."

"Ká má parọ́, ọ̀nà ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́!"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́. Ìwọ ni o kò bi í."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ọjà.

"Màmá, irú ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́?" ni ọlọ́jà wí.

"Èyí tó lójú àánú."

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n Súfí kò rẹ́rìn-ín. Ó yan sípíríǹgì tó ń tẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ó ki ṣọ́ọ̀kì wọlẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì náà rọra ń dìde bí àgbàlagbà tó ṣàdúrà tán tó ń dìde lórí eékún. Ó mú bọ́ọ̀lù sitiárìn méjì.

"Tòsì nìkan ló ń mì, Bọ̀dá Súfí."

"Ẹsẹ̀ méjì kì í dàgbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mú un."

Ó ku apá irin tó ń di táyà mú, tòkunbọ̀ méjì ni ọlọ́jà gbé wá. Ìyá Wúràọlá fi ìka kàn án. Ó dún kọ́ńkọ́. Ó kan èkejì. Ó dún kẹ̀.

"Èyí ti sán."

"Màmá, irin ni o, kì í ṣe ìkòkò!"

"Nù ún wò."

Ọlọ́jà fi àkísà nu epo kúrò lára rẹ̀. Sísán kan wà níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ọlọ́jà lọ mú òmíràn wá.

Nígbà tí Súfí de gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n tún gbé igbá omi sẹ́yìn, wọ́n gba orí ẹ̀yìn ọ̀nì kọjá, wọ́n sì padà. Etí igbá nìkan ló tutù. Àwọn obìnrin gún àpáàdì mọ́kànlá náà, wọ́n pò ó mọ́ amọ̀, wọ́n mọ òmíràn. Ẹrù kejì dé Ojúde-Odò láìsán. Ẹ̀kẹta náà dé. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń pa ohun ẹlẹgẹ́ mọ́.

Ní àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ di ẹrù ìkẹyìn, Bọ́lárìnwá fúnra rẹ̀ yọ sójúde. "Oyèéníran, ọkọ̀ rẹ ń rìn bí ẹni ń rìn lórí òwú. Sọ fún Súfí kó de irú rẹ̀ fún mi."

"Kí igi ìrókò gun orí èyí? Ikùn lọkọ̀ rẹ máa fi wọ́lẹ̀ dé ilé! Ọ̀gá onígẹdú, bi ọ̀nà léèrè kí o tó ra ẹsẹ̀."

Ẹ̀rín sọ lójúde. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di òwe: ohun tó gbé ẹlòmíràn ró lè wó ẹrù tìrẹ, nítorí náà, mọ ibi tí ò ń lọ àti ohun tí o rù, kí o tó yan ohun tí yóò gbé ọ.

Ìyá Dékúnlé ló dé kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ó ru ọ̀kan nínú àmù mẹ́fà tó tún mọ, ó sì sọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó wo Bọ́lárìnwá, ó wo igbá omi tó wà láàárín koríko lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì yíjú sí ọmọ Ìyá Wúràọlá.

"Oyèéníran," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ igbá yẹn."