Ewé Asánkọ̀, Ọṣẹ Àwẹ̀ró

Nígbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣì ni ọkọ̀ rẹ̀, tí ẹni tó bá ń re àjò máa ń dágbére bí ẹni tó ń lọ sọ́run, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Asánkọ̀ ló ń gbé, ìlú kan lápá ìwọ̀-oòrùn tó jìnnà débi pé bí èèyàn bá kúrò nílé nígbà tí iṣu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kó tó débẹ̀, àwọn ará ilé ti wa iṣu náà jẹ. Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ. Ọkọ ní àwọn kàn fẹ́ ta aṣọ òkè díẹ̀ ni, kíákíá làwọn ó padà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin! Kíákíá náà pẹ́ títí Àwẹ̀ró fi bímọ, ó pẹ́ títí ọmọ náà fi hu irùngbọ̀n, ó sì pẹ́ títí ẹni tó ní kíákíá fi kú, tí wọ́n sin ín sí Asánkọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè sọ fún un mọ́ pé kó ṣe kíá.

Iṣẹ́ ọṣẹ ni Àwẹ̀ró mọ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ. Yóò sun ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn lára rẹ̀ di eérú, yóò sẹ́ omi eérú náà títí yóò fi máa ta ahọ́n bí ata, yóò gbé àdín kaná, yóò sì máa rò ó pọ̀ títí yóò fi dì, tí yóò dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ará Asánkọ̀ kò mọ irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iyanrìn àti kànrìnkàn ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà létí odò. Nígbà tí ọṣẹ Àwẹ̀ró kọ́kọ́ kan ara àwọn obìnrin wọn, ọ̀pọ̀ ọkọ ni kò dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́, àwọn mìíràn sì ní kí wọ́n má ṣe dá ti àtijọ́ padà.

Ohun kan ṣoṣo ni kò sí ní Asánkọ̀, òun ni ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n ọṣẹ nílé. Ewé kan tó fẹ̀ bí etí erin, tó ń hù létí odò wọn, ni Àwẹ̀ró ń fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ti ń fi í pọ́nṣẹ ló ń bú u. "Ewé lásánlàsàn! Ewé tí kò nílé, tí kò lọ́nà!" Ewé náà kò fèsì. Àlejò ló bú onílé mọ́ ilẹ̀ onílé, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Àwẹ̀ró?

Àwọn ọmọ káàárọ̀-oòjíire pọ̀ ní Asánkọ̀, wọ́n ní àdúgbò tiwọn, gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló sì ń lọ sílé lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ kò dé rí. Bàbá Látúnjí tó jẹ́ olórí wọn ti kọ́ ilé ńlá sí Ọ̀fà, ẹnu ló fi kọ́ ọ, ẹnu náà ló sì fi ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá jókòó lábẹ́ igi lọ́sàn-án, wọn á máa bú ọbẹ̀ Asánkọ̀, ọbẹ̀ Asánkọ̀ á sì máa kán sí wọn lágbọ̀n bí wọ́n ti ń bú u.

Àwẹ̀ró kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu ní tirẹ̀. Òfin ló ṣe. Ẹni tó bá ti wọ inú ọgbà rẹ̀, èdè Asánkọ̀ dópin lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, ewúrẹ́ nìkan ló lè dúró kí i. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ bá gbá òkúta, èdè Asánkọ̀ ló fi ń ṣépè, ó ní èpè tiwọn múná ju tilé lọ. Kò sí ẹni tó láyà láti rán an létí òfin.

Oyèníran ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Ìbídùn sì ni ọmọ Oyèníran. Ìyá Ìbídùn kú nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mú, ọwọ́ Àwẹ̀ró ni ọmọ náà dàgbà sí. Láràárọ̀, bó bá ti ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ilé, á gbé ohùn sókè, á máa kì í:

"Ìbídùn, ọmọ aláàdín tí ń tàn bí òṣùpá,
Ọmọ eérú tutù tí kò gbàgbé iná,
Ọmọ a-rí-ẹmu-mójú-kúrò,
Ẹmu tí baba rẹ kò mu, ìwọ náà kò ní í mu ún,
Ọmọ odò kékeré tó wẹ ọba mọ́."

Èèwọ̀ ìdílé wọn ni ẹmu. Ẹnikẹ́ni kò rántí ohun tí ẹmu fi baba ńlá wọn ṣe, bóyá orí ẹṣin ló ti gbé e ṣubú, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni. Ọlọ́run ọba tó mọ̀ ọ́n ṣe wá mú ilé wọn gbe ilé Dùkọ̀ adẹ́mu. Láti àárọ̀ ni Dùkọ̀ ti ń tọ́ ẹmu rẹ̀ wò bóyá ó dára, ìtọ́wò náà kì í sì í tán títí oòrùn fi ń wọ̀. Afúwá ìyàwó rẹ̀, ọmọ bíbí Asánkọ̀, ló máa ń bá Àwẹ̀ró ro ìkòkò ọṣẹ. Ó ti gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè fi jà.

Nígbà tí Ìbídùn di ọmọge tó lè gbé orù omi, Àwẹ̀ró rí i pé ó ti ń pẹ́ jù lódò. Bó bá dé, orin Asánkọ̀ ló ń kùn lẹ́nu. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu bí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀. Ọkàn ìyá àgbà kò balẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, Bàbá Látúnjí wá kí wọn, Àwẹ̀ró sì fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ yangàn.

"Ìbídùn, ki ara rẹ fún bàbá, kí wọ́n gbọ́."

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Ọmọ aláàdín tí ń tàn bí òṣùpá... Ọmọ eérú..." Ó gbójú sókè, ó rí bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ranjú mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ bá fò lọ bí ẹyẹ.

"Ọmọ eérú kí ni?"

"Ọmọ eérú... gbígbóná."

Bàbá Látúnjí mi orí. "Háà! Ìyá Oyèníran, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Eléyìí ti lọ." Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Àwọn ọmọ tirẹ̀ ń ju ọwọ́ sí i bí wọ́n bá ń kí i, bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Àwẹ̀ró lọ́kàn. Kó tó di pé wọ́n jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, ó ti pinnu. "Bí òjò bá ti dá, tí àwọn oníṣòwò bá ń padà sílé, èmi àti Ìbídùn ń bá wọn lọ. Mi ò wá sí ìdálẹ̀ wá sọ ọmọ nù."

Oyèníran ní, "Ìyá mi, ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ sì ń dùn yín."

"Ẹsẹ̀ tó gbé mi wá mọ ọ̀nà ilé."

"Èmi ńkọ́? Ọmọ mi lẹ fẹ́ gbé lọ yẹn."

"Ìwọ? Ìwọ ti bàjẹ́ tán. Èyí tó kù ni mo fẹ́ gbà là."

Ìbídùn bú sẹ́kún. "Ìyá àgbà, ta ni mo mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ̀ wọ́n."

"Ẹ̀jẹ̀ mi kò bá wọn ṣeré rí."

Bí kì í bá ṣe pé ọmọ náà yára sá sẹ́yìn baba rẹ̀, etí rẹ̀ ì bá sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ní ti òótọ́, àyà Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ń já. Àwọn tó mọ̀ nílé ti kú tán, ibojì ọkọ rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kò sì ní í tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kí òun wá kú, kí ẹnikẹ́ni má lè ki ọmọ baba òun mọ́ láyé? Ó sàn kí ẹsẹ̀ ó kán lọ́nà.

Afúwá bẹ̀ ẹ́ títí. "Ìyá, bí ẹ bá lọ, kí la ó máa fi wẹ̀?"

"Iyanrìn yín ṣì wà létí odò. Ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ mi lọ kó tó di tiyín."

Òjò dá. Àwọn oníṣòwò ń di ẹrù. Àwẹ̀ró gun àjà, ó kó àwọn ọṣẹ tó ti fi pamọ́ síbẹ̀ láti èṣí, tí yóò fi ṣe ẹ̀bùn fáwọn ará ilé. Ó wo ewé ara wọn, ó ní láéláé, òun kò ní í gbé ewé tí kò nílé wọ Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò tú u dànù, yóò sì fi ewé eéran pọ́n wọn bí wọ́n bá ti sún mọ́ ilé. Ó fi èékánná họ ewé ti àkọ́kọ́. Kò ṣí. Ó mú ọ̀bẹ. Ọṣẹ ló ń gé, kò rí ewé gé. "Ewé olóríkunkun!" Ó da àwọn ọṣẹ náà sínú igbá, ó gbé e lérí, ó di odò, omi yóò bá òun yanjú rẹ̀.

Kò tíì dé odò tó fi gbọ́ ohùn. Ó dúró. Ohùn obìnrin púpọ̀ ni, wọ́n ń dà á pọ̀, kò sì sí èyí tí ahọ́n rẹ̀ tọ́ nínú wọn:

"Ọmọ aláàdín tí ń tàn bí òṣùpá..."

Àwẹ̀ró rọra fọwọ́ ya ewé sọ́tùn-ún sósì. Kí ló rí? Àwọn obìnrin Asánkọ̀ ni, wọ́n to ara wọn sétí omi, olúkúlùkù gbé ọmọ tirẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó sì ń kì í. Ọmọ tí Afúwá gbé lọ́wọ́, ọmọ Dùkọ̀ tó jẹ́ pé ẹmu ń rùn lára baba rẹ̀ dé ojú ọ̀nà oko, òun ni wọ́n ń pè ní ọmọ a-rí-ẹmu-mójú-kúrò. Láàárín wọn ni Ìbídùn wà, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń pàṣẹ.

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n Afúwá! Ẹ ti fo ìlà kan. 'Ọmọ eérú tutù tí kò gbàgbé iná.' Ẹ tún un sọ, ọṣẹ ń wọ ọmọ lójú."

Àwẹ̀ró jáde síta. "Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Gbogbo wọn kúnlẹ̀ gbì sínú ẹrẹ̀, tọmọtọmọ. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá!" Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ náà gún régé.

"Afúwá, oríkì baba mi lò ń dà sórí ọmọ adẹ́mu?"

Ojú Afúwá là. "Oríkì? Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni? Láti kékeré Ìbídùn la ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ọgbà. Bí omi bá ti ń dún, ọ̀rọ̀ yẹn náà á máa dún. A ní bí a kò bá sọ ọ́, ọṣẹ kò ní í hó."

"Á hó! Ta ló ní kò ní í hó?"

"Ìyá, ta ló fẹ́ dán an wò?"

Àwẹ̀ró nàka sí ọmọ tó wà lọ́wọ́ Afúwá. "Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ ohun tí ẹ ń sọ nípa ẹmu?"

"Ó mọ̀. Ìbídùn túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní kò burú, ti ọmọ náà á kún tòun."

Àwẹ̀ró wá kọjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tó o yadi níwájú Bàbá Látúnjí?"

Ìbídùn wolẹ̀. "Ìyá àgbà, níbí, kò sí ẹni tí ń ranjú mọ́ mi."

Afúwá gba igbá lórí Àwẹ̀ró, ó mú ọṣẹ kan, ó fìka họ ọ́, ó fi ọrùn ọwọ́ nù ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kí lẹ tún ń fẹ́ fọ̀ lára eléyìí? Ewé ti tán. Ọṣẹ ni gbogbo rẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ó fi ra ẹ̀yìn ọmọ, ìfófòó funfun ru sókè bí òwú.

Àwẹ̀ró wo ìfófòó náà. Ó wo àwọn obìnrin tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó wo Ìbídùn. Ẹ̀rín gbé e lójijì, ó rín in títí tó fi jókòó sínú omi pẹ̀lú ìró tuntun tó dì mọ́ ìdí.

"Ẹ gbà mí o! Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń sunkún pé ọmọ mi ni ewé. Mi ò bi ara mi léèrè pé ta ni ọṣẹ."

Àwọn oníṣòwò gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọṣẹ rán wọn sílé, pẹ̀lú ewé tí a kò rí mọ́ lára rẹ̀. Bàbá Látúnjí, tó ti wá dágbére fún un, rí i tó ń gbé ìkòkò kaná.

"Ìyá Oyèníran, ẹ ò lọ mọ́ ni?"

"Bàbá, ewé ló pẹ́ lára ọṣẹ, ó ti di ọṣẹ. Kí ni mo tún ń sá fún?"

"Ewé wo?"

"Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí odò. Afúwá á kọ́ wọn ní oríkì."

Ó kọjú sí ìkòkò rẹ̀, ó ń rò ó, orin Asánkọ̀ ló sì ń kùn lẹ́nu bó ti ń rò ó. Ìbídùn gbọ́, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ Dùkọ̀ dàgbà, kò tọ́ ẹmu wò rí láyé rẹ̀, baba rẹ̀ sì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́ pé ọṣẹ náà ṣiṣẹ́.

Lónìí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń lọ sí ẹ̀yìn odi á sáré fi òwe yìí dẹ́rù ba ọmọ, bí ẹni pé ewé nìkan ló bí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù. Àwa tó gbọ́ ti Àwẹ̀ró mọ ohun tó bí i tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.