Bọ́tìnnì Èje Tó Kú

Tíṣà Ọládìtí ló ń yan àwọn tó ń lọ díje ìṣirò, ó sì ti fi àáké kọ́rí pé Mopélọ́lá kò ní í lọ. Ó mọ̀ pé bọ́tìnnì èje ti kú lára ẹ̀rọ ìṣirò tòkunbọ̀ tí ìyá àgbà rà fún ọmọ náà, ló bá kọ mátíríìsì kan sójú pátákó tí èje gbẹ̀yìn gbogbo òǹkà inú rẹ̀: 17, 27, 37, 47. Ó ní, "Ẹ̀rọ tìẹ ni kí o fi wá dítámínáǹtì rẹ̀. Bí mo bá nu pátákó tán tí n kò rí ìdáhùn, jókòó sílé." Mopélọ́lá ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó wá ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ bí ìyá àgbà ṣe máa ń ka iṣu: mẹ́tàdínlógún, ó tẹ ogún, ó yọ mẹ́ta, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó tẹ ọgbọ̀n, ó yọ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrin. Tíṣà kò tíì nu pátákó dé ìdajì tí ìdáhùn fi jáde. "Níbo lo ti rí èje?" Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, kò sí èje nínú mẹ́tàdínlógún. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà mi."