Òdòdó Ìyàwó Lórí Adágún Arómi

‘Ẹ má lé ẹni tó gbin òdòdó sódò; òun ló mọ bí a ṣe ń ká a.’ Bí ẹ bá ti dé Ìdí-Ìyeyè rí, òwe yìí kò lè ṣàjèjì sí etí yín. Àmọ́ ta nínú yín ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, ìdí abájọ rèé.

Ìbídùn wà lára akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tí tíṣà wọn rán lọ ka ewéko orí adágún Arómi. Wọ́n fi ọparun ṣe férémù onígun mẹ́rin, wọ́n ń jù ú sórí omi, wọ́n sì ń ka ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀. Òṣíbàtà onílé kò ju ẹyọ méjì mẹ́ta lọ. Àjèjì kan, olódòdó elése àlùkò, ti gba ojú omi lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn apẹja bá bẹ́ ẹ lórí, ńṣe ló tún ń pọ̀ sí i, ẹja sì ń kú lábẹ́ rẹ̀. Làmídì, olórí àwọn apẹja, ti búra pé ẹni tó gbé e wá kò ní í fẹsẹ̀ kan etí odò yẹn mọ́ láyé.

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé ìwádìí náà ló di ẹtì fún Ìbídùn: ibo ni ewéko yìí ti wá? Ó mọ̀. Ìyàwó kì í wọ Ìdí-Ìyeyè láìmú ohun ọ̀gbìn kan bọ̀ láti ilé bàbá rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kú. Orí ọ̀sà ni wọ́n ti bí Ìyá Ẹ̀bùn, ìyá àgbà Ìbídùn; kí ni ì bá mú bọ̀ bí kò ṣe òdòdó orí omi? Inú ìkòkò fífẹ̀ kan ló ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó tó wọlé opó, níbi tí kò ti ní í lè jáde lọ pọnmi, ó gbé e lọ sódò kí òùngbẹ má bàa pa á. Ìbídùn tẹ̀ lé e lọ.

Ọmọ náà fi ìlà yẹn sílẹ̀ lófìfo. Kò fẹ́ kí ojú ti ẹni tó wò ó dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ, ìyá àgbà sì bi í léèrè títí ó fi jẹ́wọ́.

Ìyá Ẹ̀bùn fà á mọ́ra. ‘Ìbídùn, Àníkẹ́ mi,’ ó ní, ‘kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ìtìjú mi kò tó adágún.’

Lọ́jọ́ kejì, ìlú pé sétí odò. Kí tíṣà tó ka orúkọ tí Ìbídùn kọ sí ìlà tó kẹ́yìn tán, Ìyá Ẹ̀bùn ti ṣán ìró mọ́ra, ó ń wọ omi lọ. Kò bẹ́ òdòdó náà lórí. Ó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń tì í sí, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ń ká a bí ẹní, bí wọ́n ti ń ṣe lórí ọ̀sà. Gbòǹgbò ń tẹ̀ lé e, kò já. Ó ń ká a, ó ń sunkún, nítorí ohun ilé bàbá rẹ̀ ni.

Làmídì wò ó títí. Ìbúra kì í ṣe ohun àmúṣeré, ṣùgbọ́n àánú ṣe é. Ó bọ́ bàtà, ó wọ omi tọ̀ ọ́ lọ.

‘Ìyá,’ ó ní, ‘ẹ kọ́ mi bí ẹ ti ń ṣe é.’

Àwọn apẹja yòókù náà kọ́ ọ; kó tó di ọjọ́ karùn-ún, ojú adágún ti mọ́. Ìdì kan ṣoṣo ni Làmídì yọ sọ́tọ̀. Ó gbé e lọ fún ìyá nínú ìkòkò tuntun, ó ní ohun ọ̀gbìn ìyàwó kò gbọdọ̀ kú.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi àìmọ̀ ṣe ohun tó ni ìlú lára, tí àwọn èèyàn sì fẹ́ lé e dànù, àwọn àgbà Ìdí-Ìyeyè á ní kí wọ́n mú sùúrù: ẹ má lé ẹni tó gbin òdòdó sódò, òun ló mọ bí a ṣe ń ká a.