Ọgbà Baálẹ̀ Tó Wà Lẹ́nu Odò

Ẹja ń tán nínú odò, ènìyàn sì ń tán nínú ìlú. Ìṣòro méjèèjì yìí ni ó dé bá Ọláníhún, Baálẹ̀ Ìdó-Odò, ní ọdún kẹta tí ó ti ń fi òfin ṣọ́ odò náà.

Kí òfin tó dé, bí ó ti wu kálukú ni ó ń dẹ ìgèrè rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́nu tóóró tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde. Ní ìgbà tí omi bá kún, tí ẹja ẹlẹ́yin ń wá ọ̀nà lọ sí àbàtà láti lọ yé, ìgèrè ti tò sílẹ̀ dè é. Wọ́n jẹ ìyá, wọ́n jẹ ọmọ mọ́ ọn. Ọláníhún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dẹ odò fún oṣù mẹ́ta tí omi fi ń kún. Àṣẹ náà dára, èmi kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹja kò padà. Baálẹ̀ wá fi òfin kún òfin: ó ka ìwọ̀ léèwọ̀, ó ka ọkọ̀ ojú omi léèwọ̀, ó ní ẹni tí a bá ká ẹja tútù mọ́ lọ́wọ́ lóṣù mẹ́ta náà yóò fi ìlú sílẹ̀. Ilé mọ́kànlá ni àwọn onílé ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí wọ́n di ẹrù wọn, tí wọ́n lọ.

Ọjọ́ kan ni àwọn ẹ̀ṣọ́ odò mú Ẹfúnyẹlá wá síwájú Baálẹ̀ àti àwọn olóyè. Opó ni, ẹní ni ó ń hun jẹ. Ẹja àrọ̀ méjì ni wọ́n bá nínú igbá rẹ̀. Obìnrin náà kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní:

"Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín gùn. Ebi ló pa mí, ìwọ̀ ni mo sì fi mú ẹja méjì yìí. Èyí tí wọ́n sè fún yín lánàá, kí ni wọ́n fi mú u?"

Gbogbo wọn ni ó mọ ìdáhùn. Níbi tí odò ti ń wọ àbàtà, ọgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òpó igi àti okùn ṣe, láti bèbè kan dé èkejì, tí ẹja kì í lè gbà kọjá. Bàbá Ọláníhún ni ó rì í mọ́lẹ̀, Ọgbà Baálẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é. Òjò, ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni ẹja ọbẹ̀ Baálẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí wọ́n ń ṣòfin, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀, Baálẹ̀ pàápàá kò rántí rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ogún ni, kì í ṣe ohun tí a dẹ sódò. Ohun tí ojú bá ti mọ́ra tipẹ́, ojú kì í rí i mọ́.

Inú bí Baálẹ̀. Ó ní kí opó náà fi ìlú sílẹ̀ ní ọjọ́ keje. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó dìde, ó tọ Ìyá Omítógùn lọ, arúgbó tí ó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún létí ìlú. Ìyá da ẹyọ, ó wò ó títí, ó ní:

"Odò tí kò ní bèbè, àbàtà ni yóò dà.
Bèbè tí ó bá pàdé lórí odò, ó ti sin odò.
Ohun tí a wí fún ẹni tí ó fẹ́ kí odò òun padà sípò nìyẹn.
A ní ẹbọ ni kó wá rú."

Baálẹ̀ bèèrè iye ewúrẹ́ tí òun yóò mú wá. Ìyá mi orí.

"Kì í ṣe ẹran. Ọgbà yín ni ẹbọ. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi tú u, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ìlú. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ìgèrè kan wá, kí a sun ún. Kí ẹ sì fi ìwọ̀ sílẹ̀ fún ìkòkò ọbẹ̀."

"Bàbá mi ló rì í mọ́lẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Bí mo bá tú u, kí ni yóò kù tí wọn yóò fi mọ̀ mí ní Baálẹ̀?"

"Bí ìlú bá ṣófo tán, ta ni yóò kù tí yóò mọ̀ yín ní Baálẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Àwọn olóyè ní kó má gbọ́, pé ìlú yóò fojú di í. Ní ọjọ́ karùn-ún ìdájọ́ opó, ó ṣí fìlà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ odò. Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà náà. Ó di òpó àkọ́kọ́ mú, ó fà á, kò mira. Ó tún fà á. Ìlú tò sí bèbè, wọ́n ń wò ó, kò sí ẹni tí ó sún mọ́ omi.

Ẹfúnyẹlá tí ó ku ọjọ́ méjì kó fi ìlú sílẹ̀ ni ó so ìró rẹ̀ le, tí ó wọ odò. Ó di okùn ọgbà mú.

"Ẹ jẹ́ ká jọ fà á, Baálẹ̀."

Òpó náà fà tu pẹ̀lú ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bèbè ṣe dà sínú omi, àgbà àti ọ̀dọ́, nígbà tí yóò sì fi di ìrọ̀lẹ́, igi kan kò kù lẹ́nu odò. Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn ọba tí ó ṣẹ́gun ìlú onílùú. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ọgbà ara rẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn.

Ẹrẹ̀ kò tíì gbẹ lára Ọláníhún tí ó fi sọ̀rọ̀. Ó ní: "Òfin oṣù mẹ́ta dúró. Ìwọ̀ wà fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹfúnyẹlá kò lọ ibì kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rí igi nínú odò, tí wọ́n ní tèmi ni, kó kọ́kọ́ fà á tu ná, kó tó wá sọ fún mi."

Ilé gbogbo mú ìgèrè wá sun, àfi ilé Ṣówándé, ògbóǹtarìgì apẹja tí ìgèrè rẹ̀ pọ̀ jù ní Ìdó-Odò. Ìyá Omítógùn ránṣẹ́ sí i pé ẹbọ náà kàn án. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run ló ni odò, bí Baálẹ̀ bá tú ọgbà tirẹ̀, ìyẹn kan Baálẹ̀. Baálẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò yọjú. Nígbà tí omi kún, tí gbogbo ìlú pa òfin mọ́, Ṣówándé to ogún ìgèrè sí ojú ibi tí ọgbà wà tẹ́lẹ̀, ó sì ń kó ẹja ẹlẹ́yin sínú ọkọ̀. Kò rántí pé ọgbà yẹn ni ó ti ń dá ìtì igi àti ojúoró dúró láti ọjọ́ yìí wá. Ìkún omi kó gbogbo rẹ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gba ojú ibẹ̀ kọjá, ó gbé ìgèrè, ó gbé ọkọ̀. Kùkùté igi kan ni Ṣówándé dì mọ́ tí ó fi yè.

Ní ọdún kejì, a rí ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ nínú àbàtà. Ní ọdún kẹta, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí odò, ọkọ̀ kún débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Mẹ́jọ nínú ilé mọ́kànlá ti tún ń dáná. Ṣówándé nìkan ni ó dúró ní bèbè lọ́wọ́ òfo, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ yá a ní ìgèrè.

Ẹfúnyẹlá rìn lọ bá a, ó tẹ ìwọ̀ kan sí i lọ́wọ́.

"Èyí ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa," ni ó wí.

Ọláníhún gbọ́ ẹbọ, ó rú u, ilé rẹ̀ kún, ìlú rẹ̀ kún. Ṣówándé fi ẹbọ ṣe yẹ̀yẹ́, ó kábàámọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀ opó ni ó fi wá ọbẹ̀ jẹ títí ọdún náà fi yípo.