Fáìlì Fálúyì àti Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Àyè tí a fi fáìlì wá, àbámọ̀ ní í gbébẹ̀. Ta ni kò tí ì gbọ́ òwe yìí rí lẹ́nu àwọn àgbà Òkè-Ọ̀pẹ? Bí káfíńtà bá ń fipá ti ilẹ̀kùn mọ́ férémù tí kò gbà á, ẹnìkan á sọ ọ́. Bí òbí bá ń kánjú fi ọmọ wọn fún ọkọ tí kò bá a mu, ẹnìkan á tún sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé ta ló ni fáìlì tí a fi ń fá irin náà, àyè wo sì ni, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Inú ọgbà mẹkáníìkì ni òwe náà ti jáde, kì í sì í ṣe ọjọ́ ẹ̀rín ló jáde.

Mẹkáníìkì náà ń jẹ́ Fálúyì. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Títú nǹkan palẹ̀ àti títò ó padà ló fi kọ́ ọ. Bó bá sì tò ó tán tí nǹkan kan ṣẹ́kù sílẹ̀, á tún un tú látòkèdélẹ̀. Oúnjẹ kì í dùn mọ́ ọn tó irin méjì tó wọnú ara wọn láìpariwo.

Nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń tọ́jú, ọ̀kan wà tó fẹ́ràn jù. Ti Màmá Ìbídùnní ni, agbẹ̀bí tó gba ọmọ Fálúyì pàápàá. Ọkọ màmá ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó tó kú. Ó jẹ́ ọkọ̀ kékeré ayé àtijọ́, ó kúrú, ó ki, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tóbi rárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àparò. Àparò ló ń gbé màmá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àwọn abúlé ìsàlẹ̀ òkè bí aboyún bá ń rọbí. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́, ó sì lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Bíréèkì àtijọ́ a máa gbóná níbẹ̀ títí màmá á fi máa tẹ̀ ẹ́ lásán.

“Fálúyì,” ni màmá wí, “èmi ò bẹ̀rù òkè. Àmọ́ níbi tí mo bá ní kí n dúró sí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí.”

Fálúyì lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù, ó sì rí díìsì bíréèkì ńlá tí wọ́n tú lára ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tí kò bá mọ díìsì, kó ro àwo irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí, kó sì ro ọwọ́ irin kan tó gbá etí àwo náà mú. Ọwọ́ irin yẹn ni kálípà. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì, epo á sáré gba inú páìpù wọ inú kálípà, kálípà á fún àwo náà pọ̀, ọkọ̀ á dúró. Ó rọrùn, ó sì lẹ́wà. Fálúyì gbé e sórí tábìlì, ó ń fi aṣọ nù ún nígbà tí kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀ mọ́.

“Màmá, ẹ lọ sinmi,” ló wí lójú gbogbo èèyàn. “Kí ọjà ọ̀la tó tú, Àparò á máa dúró bí ohun tí wọ́n kàn níṣòó mọ́lẹ̀.”

Nígbà tó so ó mọ́ ọkọ̀ tán, ó bu ọṣẹ dúdú díẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kálípà, ó sì gbé rímù lé e. Ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn: bí a bá yí rímù tí ọṣẹ kò kúrò, àyè wà láàárín wọn. Rímù gbá ọṣẹ lọ, ó sì há gbágbáágbá. Kò yí síwájú, kò yí sẹ́yìn.

Làsísì, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀rẹ́ mi, o fẹ́ ti erin wọ ihò eku! Wá rímù ńlá fún un.”

“Màmá ò gbà. Ọkọ rẹ̀ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dán rímù yẹn títí ó fi kú. Màmá ní bí a bá yọ wọ́n, Àparò ti di ọkọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn.”

“Kí o wá díìsì kékeré nígbà náà. Sọ fún màmá pé o ò wọn ìwọ̀n kí o tó ra èyí. Ṣé ẹnu rẹ á já ni?”

“Ẹnu mi kọ́ ló máa já. Orúkọ mi ni.”

“Orúkọ! Orúkọ ò ní bíréèkì o.”

Fálúyì yíjú sí tábìlì rẹ̀. Ó mú fáìlì, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pọ́n àdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá èjìká kálípà. Ó mọ̀ pé èjìká náà ló ń ru agbára gbogbo bí irin bá ń fún irin. Ó mọ̀ pé ẹni tó rọ ọ́ kò fi sísanra rẹ̀ ṣeré. Síbẹ̀ ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé díẹ̀ ni òun yọ. Ó fá a, ó lẹ ọṣẹ, ó yí i wò. Ó tún fá a. Nígbà tó yá, ọṣẹ kan dúró, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Rímù yí fẹ̀ẹ̀rẹ̀. Inú Fálúyì dùn gan-an.

Àparò sì ń dúró lóòótọ́. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni màmá fi ń yìn ín. Nígbà tí òjò dé, bí màmá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ bíréèkì níbi kọ́nà, kálípà bẹ́, gbogbo epo sì dà nù. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, páìpù kan ló ń bọ́ gbogbo ẹsẹ̀. Bí ibì kan bá jò, gbogbo rẹ̀ ti tán. Màmá fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ògiri òkè títí ó fi dúró. Iwájú orí rẹ̀ nìkan ló bó.

Fálúyì wá fi okùn fa ọkọ̀. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ojú ibi tí òun fá gan-an ni irin ti là.

“Ara mi ló ti darúgbó,” ni màmá wí. “Ohun tí mo tẹ̀ lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, kò le rárá. Ó dà bíi pé kílọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ṣì tẹ̀.”

Fálúyì so okùn mọ́ iwájú ọkọ̀. “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá.”

Ọ̀rọ̀ kékeré tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ògiri. Kó tó pẹ́, ó fi iṣẹ́ ìgbẹ̀bí náà sílẹ̀. “Ẹsẹ̀ tó ṣi kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀,” ló ń wí, “ta ló mọ ohun tí ọwọ́ á ṣì mú?” Aráàlú ní màmá gbọ́n. Fálúyì náà bá wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, Ajíbóyè, àgbẹ̀ abúlé ìsàlẹ̀, gun ọ̀kadà wá. Ìyàwó rẹ̀, Dúródọlá, ti ń rọbí láti àná. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá pé kó bá òun lọ. Màmá sunkún, ó ní kí wọ́n gbé aboyún náà lọ sílé ìwòsàn. Ojú ọ̀nà ni ìyá àtọmọ kú sí.

Nígbà tí Fálúyì gbọ́, ó mú kálípà tó bẹ́ náà, tó ti fi pa mọ́, jáde láti inú àpótí, ó sì lọ bá màmá. Ẹ̀wà ni màmá ń ṣà. Fálúyì dọ̀bálẹ̀, ó gbé irin náà kalẹ̀.

“Màmá, ibi tí mo fi fáìlì fá ló bẹ́. Bíréèkì lẹ tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Epo ló dà.”

Màmá fi ìka tọ ojú fáìlì náà. “Kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì?”

“Kì í ṣe òun, Màmá.”

“Láti ọjọ́ tí o wá fi okùn fa ọkọ̀ ni o ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ náà ni.”

“Kí lo fi fáìlì wá, Fálúyì?”

“Àyè ni, Màmá.”

Màmá tẹjú mọ́ ọ̀nà abúlé. “O ti rí i. Lọ máa gbébẹ̀.”

Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ padà, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló sì fi ṣe é títí ó fi kú. Fálúyì bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun máa fi ọkọ̀ òun gbé e, kò gbà. Iwájú ọgbà rẹ̀ ni ọ̀kadà ń gbé màmá kọjá, kì í sì í yíjú síbẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá Fálúyì sọ ló sọ ọ́ di òwe: àyè tí a fi fáìlì wá, àbámọ̀ ní í gbébẹ̀. Àwọn àgbà a máa pa á fún ẹni tó rí i pé nǹkan kò bá ara mu, ṣùgbọ́n tó ń gé níbí, tó ń fá lọ́hùn-ún, nítorí pé ó tijú láti sọ pé òun ṣì í. Wọ́n sì máa ń tètè pa á, nígbà tí fáìlì ṣì wà lọ́wọ́.